Gbígbé páálí àti ọ́díìtì ní wíáháòsì Amẹ́ríkà: ohun tí ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kí olùyẹ̀wò tó dé

Ìbéèrè kan náà ló ń wá látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ package handler (ẹni tó ń kó páálí) ní Houston, Atlanta, Maryland tàbí Chicago: "Wọ́n ní ọ́díìtì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ni kí n há sórí?" Ọ́díìtì ni àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ láìléwu. Ohun tí ẹ há sórí kò ní gbà yín níbẹ̀. Lóòótọ́ ni olùyẹ̀wò máa bi yín ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu, ó ti lè dúró sí kọ̀rọ̀ kan, kó máa wo bí ẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹ ṣe ń yí, àti ibi tí ẹ ń gbẹ́sẹ̀ lé. Nítorí náà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ la máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnu á dé bá a tó bá yá.

Ti Amẹ́ríkà ni gbogbo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ yìí: òfin ni àwọn kan, ìmọ̀ràn tàbí ìlànà ilé-iṣẹ́ ni àwọn mìíràn. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní London tàbí l'Ékòó lè lo apá gbígbé ẹrù bó ṣe wà, àmọ́ kó lọ wo òfin ibi tó wà fún ìyókù.

## Kí ẹ tó dé ìdí bẹ́líìtì (ẹ̀rọ tó ń gbé páálí kọjá)

- Bàtà tó bo kókósẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń fẹ́ bàtà tó ní irin níwájú. Ẹ béèrè kí ẹ tó rà á.
- Ìbọ̀wọ́ tó bá ọwọ́ mu pẹ́kípẹ́kí. Èyí tó tóbi jù ni róólà (ọ̀pá tó ń yí lábẹ́ páálí) máa ń fà wọlé.
- Kò sí ṣéènì, kò sí òrùka, kò sí káàdì tó ń rọ̀ dirodiro lọ́rùn. Irun dídì tó gùn, ẹ kó o sókè. Ìborí, ẹ ki etí rẹ̀ bọ inú aṣọ.
- Omi mímu.
- Kí ẹ tó fọwọ́ kan páálí àkọ́kọ́, ẹ wo ohun mẹ́ta: bọ́tìnì pupa tó ń dá bẹ́líìtì dúró, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní E-stop, ilẹ̀kùn àbájáde, àti sílíńdà ìpaná. Ẹ ka iye ìgbésẹ̀ tó wà láti ibi tí ẹ dúró sí dé ìdí E-stop. Bí wọ́n bá yí ibùdó yín padà láàárín iṣẹ́, ẹ tún un kà.

## Gbígbé páálí láti ilẹ̀

Àwa tí wọ́n ti kọ́ ní ẹrù rírù láti kékeré máa ń rò pé ẹ̀kọ́ yìí kò kàn wá. Ẹrù orí yàtọ̀ sí ẹrù ọwọ́. Ẹrù tó jókòó sórí òṣùká ń gba ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ tààrà. Èyí tí ẹ nawọ́ gbé síwájú ń fa ara síwájú, iṣan ìbàdí ló sì gbọ́dọ̀ fà á padà. Ẹni tó ru garawa omi láti odò dé ilé láìsinmi lè dá ara rẹ̀ ní ẹ̀yìn lórí páálí kílò mẹ́wàá. Ẹ sì rántí pé garawa yẹn kò ju mélòó kan lọ lójúmọ́. Páálí tí ọwọ́ ẹnì kan kàn lálẹ́ ọjọ́ kan lè lé ní ẹgbẹ̀rún.

Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ni. Bí ìwé ilé-iṣẹ́ yín bá tiẹ̀ pè é lórúkọ mìíràn, ohun kan náà ló ń sọ:

1. Ẹ sún mọ́ ọn. Kí páálí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojúgun yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.
2. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kalẹ̀ dáadáa. Ẹ yà á tó ìbú èjìká, kí ẹsẹ̀ kan ṣíwájú díẹ̀, kí ó kọjú sí ibi tí ẹ ń gbé ẹrù náà lọ.
3. Ẹ tẹ orúnkún. Ìlóṣòó ni ẹ fẹ́ ṣe, kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀. Orí sókè, àyà síta.
4. Ẹ dán an wò. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti igun kan títí tó fi gbéra díẹ̀ nílẹ̀. Bó bá kọ̀ tí kò mira, ó wúwo. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan kan yí gbirigbiri nínú rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á sún lọ sápá kan bí ẹ bá gbé e tán. Ẹ wo téèpù ìsàlẹ̀ náà: bó bá ti ń ṣí, páálí yẹn á jábọ́ láti ìdí, ẹsẹ̀ yín ló sì máa bọ́ lé.
5. Ẹ di igun méjì tó kọjú síra mú. Ọwọ́ kan ní igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún, èkejì ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ni, kì í ṣe orí ìka. Ẹ má fi okùn ọ̀rá tí wọ́n fi di páálí gbé e. Ó máa ń já, ó sì máa ń géni lọ́wọ́.
6. Ẹ gbé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ló ń gbé ẹrù. Jíjá páálí sókè lẹ́ẹ̀kan náà ló ń fa iṣan já.
7. Ẹ fẹsẹ̀ yí. Bí bẹ́líìtì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ gbẹ́sẹ̀, kí ìmú, ìdodo àti ìka ẹsẹ̀ jọ kọjú sí ibì kan náà.
8. Ẹ lo ohun tó wà nílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹrù, róólà, àtẹ̀gùn kékeré, tàbí ẹnìkejì yín.

Ìgbésẹ̀ 7 ni olùyẹ̀wò ti ń mú èèyàn jù. Nígbà tí iṣẹ́ bá ti wọra, ẹsẹ̀ á dúró sójú kan, ìbàdí nìkan á máa yí bí àgbá. Ẹ kò ní mọ̀ pé ẹ ń ṣe é. Ẹ ní kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín máa wò yín fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ̀yin náà wá wò ó; ìyẹn dára ju fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ.

### Báwo ló ṣe wúwo tó kí n tó pe ẹnìkejì?

OSHA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́, kò fi nọ́ńbà kankan lélẹ̀ pé "èyí ni ẹnì kan lè gbé mọ". NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí rẹ̀, fi pọ́ùn 51 (kílò 23) ṣe òkè téńté, ìyẹn bí gbogbo nǹkan bá dára: páálí súnmọ́ ara, kò sí yíyí, ó wà ní gíga ìbàdí, wọn kò sì ń gbé e léraléra. Bí èyíkéyìí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n yẹn ń já wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ UPS àti FedEx, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń fi páálí ránṣẹ́, ń gba páálí tó tó pọ́ùn 150 (kílò 68), ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta nọ́ńbà NIOSH yẹn. Ní UPS, èyí tó bá ju pọ́ùn 70 (kílò 32) lọ gbọ́dọ̀ ní lébẹ̀lì tó ń kìlọ̀ ìwúwo. Ẹ wo lébẹ̀lì kí ẹ tó wo páálí, nítorí páálí kékeré tó kún fún irin ọkọ̀ ló ń tan èèyàn jẹ.

Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa pàṣẹ: "ení, èjì, ẹ̀ta, gbé e." Ẹ ti fẹnu kò lórí ibi tí ẹ ń gbé e lọ kí ẹ tó gbé e.

## Inú tírélà

### Kíkó ẹrù wọlé

Bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ ṣe rò ó.

1. Èyí tó wúwo, tó le, tó sì dọ́gba ló ń lọ sísàlẹ̀.
2. Orí ìlà tó wà láàárín páálí méjì ni kí ẹ gbé ẹ̀kẹta lé. Bí ìlà bá dúró gbọnrangandan láti ilẹ̀ dé òkè, ògiri yẹn á ya sọ́tọ̀ nígbà tí tírélà bá tẹ bíréèkì.
3. Ẹ fi páálí kékeré dí ihò. Ihò tí ẹ fi sílẹ̀ lónìí ni ẹrù á wó sí lójú ọ̀nà.
4. Ohun olómi, ìsàlẹ̀ ni, kí ọfà orí rẹ̀ kọjú sókè.
5. Ohun tó bá kọjá èjìká, kó jẹ́ fúlẹ́fúlẹ́ nìkan. Ẹ gun àtẹ̀gùn kékeré. Ẹ má gun páálí oníbàárà.

### Kíkó ẹrù jáde

Ibí yìí léwu gan-an, nítorí ẹ kò mọ bí ẹni tó kó o wọlé ṣe tò ó. Ẹ rí i dájú pé tírélà ti wà ní títì mọ́ dock (ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń kó ẹrù) tàbí pé wọ́n ti fi nǹkan dí táyà rẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kì í ṣe ọ̀kánkán rẹ̀. Ẹ ṣí i díẹ̀, ẹ yọjú wò. Lẹ́yìn náà, láti òkè wá sísàlẹ̀ ni. Ẹ má fa páálí kankan yọ láti àárín tàbí ìdí ògiri, kódà bó ṣe pé òun nìkan ni bẹ́líìtì ń dúró dè. Bí ògiri bá ti fara tì síwájú, ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ pe súpáfáísọ̀.

### Bí páálí bá há lórí bẹ́líìtì

Ẹ tẹ E-stop. Ẹ má gun bẹ́líìtì, ẹ má sì ré e kọjá, ì báà dúró. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé E-stop àti títi iná pa kì í ṣe ohun kan náà: ẹlòmíràn lè tún un tàn láti ibi tí ẹ kò rí. Bó bá di pé èèyàn gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ ìdí róólà, ẹni tí wọ́n ti kọ́, tó sì ní àgádágodo tirẹ̀ tó fi ń ti iná ẹ̀rọ náà pa, ni iṣẹ́ yẹn wà fún. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ̀yin ṣe é láìkọ́ yín, ẹ kọ̀.

## Páálí tó ya, tó ń jò, tàbí tó ń gbóná

Tó bá kàn ya lásán: ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àwọn tó ń tún ẹrù dì. Bí ohun inú rẹ̀ bá ti dà sílẹ̀, ẹ pe ẹnìkan síbẹ̀ kí ẹ tó ṣà á. Ẹni tó bá ki fóònù tó já bọ́ sápò "kó má bàa sọnù" ti di afurasí. Kámẹ́rà kò mọ ohun tó wà lọ́kàn yín.

Tó bá ń jò, tó ń rùn, tàbí tó ń rú èéfín:

1. Ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má gbé e, ẹ má fi ṣọwọ́ síwájú, ẹ má súnmọ́ ọn láti gbọ́ òórùn rẹ̀.
2. Bó bá wà lórí bẹ́líìtì, E-stop.
3. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó wà nítòsí, kí gbogbo yín sún sẹ́yìn.
4. Ẹ pe súpáfáísọ̀. Òun ló máa pe àwọn tó ń bójú tó hazmat, ìyẹn ẹrù eléwu.
5. Ẹ fi páálí tó wà lábẹ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n. Omi yẹn lè ti kàn wọ́n.
6. Bó bá kan ara tàbí ojú, omi púpọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kì í ṣe ìnujú lásán. Lẹ́yìn náà, dókítà.

Àmì ẹrù eléwu jẹ́ onígun mẹ́rin tó dúró lórí igun kan. Ti bátìrì lithium ní ìlà dúdú dúdú lápá òkè, pẹ̀lú àwòrán bátìrì àti nọ́ńbà 9 nísàlẹ̀. Páálí kékeré lè ní èyí tó ní etí pupa aláfàlàfàlà dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ní àmì rárá ló ń dẹ́rù bani: pààfúùmù, body spray, nail polish, power bank. Ẹ wò ó dáadáa, ohun tí àwa náà máa ń tì sáàárín aṣọ tí à ń fi ránṣẹ́ sílé nìyẹn.

Bátìrì tó wú, tó ń dún ṣìì, tàbí tó gbóná, ẹ má gbé e sínú ike ìdọ̀tí. Èyí tó ti gbiná tẹ́lẹ̀ tó sì kú tún lè gbiná lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹni tó bá ń fọwọ́ kan ẹrù eléwu gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láàárín 90 ọjọ́ tó wọṣẹ́, kó sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú ẹni tó ti gbà á títí dìgbà yẹn. Ọdún 3-3 ni wọ́n ń tún un ṣe.

## Ìgbà ooru

Inú tírélà máa ń gbóná ju ìta lọ. Ife omi kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí òùngbẹ tó gbẹ yín. California ní òfin tirẹ̀ fún ooru abẹ́ òrùlé, tó bẹ̀rẹ̀ láti 82°F (28°C); Maryland náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá dẹ́kun lílàágùn, tó ń sọ̀rọ̀ kátikàti, kò kàn rẹ̀ ẹ́ lásán: ẹ pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì, kíá, kí ẹ sì da omi tútù lé e lára.

## Ohun tí olùyẹ̀wò máa wọ̀n

Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni teepu ìwọn-nǹkan rẹ̀ máa bá. Ẹ lè fi ojú yín wò ó ṣáájú:

- Iwájú páńẹ́ẹ̀lì iná: ínǹṣì 36 (sẹ̀ǹtímítà 91) ló gbọ́dọ̀ ṣófo. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé páálí "fún ìṣẹ́jú kan" sí.
- Abẹ́ ẹnu omi ìpaná tó wà ní àjà: ó kéré tán, ínǹṣì 18 (sẹ̀ǹtímítà 46) sí orí ẹrù.
- Ọ̀nà àbájáde: ìbú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ínǹṣì 28 (sẹ̀ǹtímítà 71) níbikíbi, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú láìsí kọ́kọ́rọ́.
- Sílíńdà ìpaná: ẹ wo káàdì ara rẹ̀. Oṣooṣù ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe.
- Forklift: àyẹ̀wò kí wọ́n tó lò ó lójoojúmọ́, awakọ̀ tí wọ́n dán wò láàárín ọdún 3, kò sí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lórí rẹ̀.
- Fọ́ọ̀mù 300A, àkọsílẹ̀ àwọn tó farapa lọ́dún tó kọjá: lára ògiri láti 1 February sí 30 April.
- Ilẹ̀: téèpù, ọ̀rá, lébẹ̀lì tó bọ́ sílẹ̀. Lébẹ̀lì ń yọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

## Bí olùyẹ̀wò bá bá yín sọ̀rọ̀

Àwọn ti ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ni wọ́n máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ti OSHA máa ń fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bá yín sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀gá yín níbẹ̀.

Àṣìṣe wa tó pọ̀ jù ni "Yes, sir." Nílé, ọ̀wọ̀ ni, a kì í sọ fún àgbà pé ohun tó sọ kò yé wa. Olùyẹ̀wò kò mọ̀yẹn. Bó bá béèrè pé "ṣé wọ́n ti kọ́ ẹ nípa ẹrù eléwu?" tí ẹ sì ní "Yes, sir", ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni "fi hàn mí", ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Ẹ gbójú sókè wò ó. Ẹni tó ń wolẹ̀ dà bí ẹni tó ń fi nǹkan pa mọ́ lójú wọn.

- "Ibo ni E-stop tó súnmọ́ jù wà?" Ẹ rìn lọ síbẹ̀, ẹ nàka sí i. Ẹ má tẹ̀ ẹ́.
- "Fi bí o ṣe ń gbé páálí hàn mí." Ẹ ṣe gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, pàápàá dídán an wò. Àwọn tó há a sórí ló máa ń fo èyí.
- "Kí lo máa ṣe bí páálí bá ń jò?" Mi ò ní fọwọ́ kàn án, màá kìlọ̀ fún àwọn èèyàn, màá pe súpáfáísọ̀. Ó tó.
- "Ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ẹ kẹ́yìn?" Ẹ dárúkọ oṣù náà. Bí wọn kò bá kọ́ yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀.
- Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n: "Mi ò mọ̀ ọ́n, súpáfáísọ̀ mi ni màá bi." Kò sẹ́ni tó ń kùnà ọ́díìtì nítorí gbólóhùn yẹn.

Ẹ má buwọ́ lu ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kò gbà, ì báà jẹ́ alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọ́díìtì ni wọ́n pín in káàkiri. Bí ẹ bá farapa lẹ́yìn náà, ìwé yẹn ni wọ́n máa gbé síwájú yín.

## Bí ẹ bá farapa

Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. "Màá fi òróró para" kì í dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ kọ ọjọ́, aago, nọ́ńbà ilẹ̀kùn tàbí bẹ́líìtì, àti orúkọ ẹni tó rí i, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Ẹ lè béèrè ẹ̀dà fọ́ọ̀mù 300, ìwé tí wọ́n ń kọ ìfarapa kọ̀ọ̀kan sí. Ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún yín kí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e tó parí.

Bí wọ́n bá lé yín tàbí gé wákàtí yín nítorí pé ẹ sọ̀rọ̀ ààbò, 30 ọjọ́ péré lẹ ní láti fi ẹjọ́ sun OSHA: 1-800-321-6742. Ẹ lè ní kí wọ́n má dárúkọ yín nígbà tí ẹ bá ń fi ibi eléwu sùn, ẹ̀tọ́ yín sì kò dá lórí ìwé ìgbélùú tí ẹ ní.

## Bí ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe ọ́díìtì

Èyí ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó bá ti pẹ́ díẹ̀. Ẹ má ṣe é nígbà tí iṣẹ́ bá rọ̀; wákàtí tí tírélà bá pọ̀ jù ni òótọ́ ń jáde. Ẹ wo èèyàn márùn-ún, páálí mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ kọ: "bẹ́líìtì 4, aago 11:20, páálí mẹ́ta níwájú páńẹ́ẹ̀lì iná." Ẹ má kọ "àwọn òṣìṣẹ́ kò bìkítà". Bí márùn-ún bá ń ṣe àṣìṣe kan náà, ẹ wo gíga bẹ́líìtì àti ibi tí wọ́n gbé àtẹ̀gùn sí kí ẹ tó bá èèyàn wí. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ẹni tó máa tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe àti ọjọ́ tó máa ṣe é tán. Lọ́jọ́ náà, ẹ padà lọ wò ó fúnra yín.